Sapara Williams, Lọ́yà Wa Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá gba iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọjá ní Aláúsá mọ̀ pé ìbò ló ń gbé èèyàn wọbẹ̀. Láyé Christopher Alexander Sapara Williams, kò sí ìbò kankan. Ẹni tó bá wu Gómìnà ló ń mú.

Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1855, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. (Àbúrò rẹ̀ ni Dókítà Sapara tó wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná lọ tú àṣírí wọn.) Ní 1879 ló di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní 1888, lọ́yà ò tó nǹkan. Ẹni tó bá ṣáà ti mọ̀wé, tó gbọ́ òfin díẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè fún un láyè kó máa gbẹjọ́ rò. Ìyẹn ò sì tán títí di 1913. Òfin òyìnbó yé Sapara, ṣùgbọ́n òfin ìbílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè bá a dù.

1901 ló wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní 1904, ó dábàá pé kí wọ́n sún ààlà, kí gbogbo ọmọ Yorùbá lè wà ní Gúúsù pọ̀. Wọn ò gbà. Ìlọrin àti Kábà wà ní Àríwá títí. Nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1905, ó bẹ̀bẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ rántí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá le ní 1909. Ìjọba gbé òfin wá láti fi mú àwọn oníwèé ìròyìn tó bá sọ̀rọ̀ sí wọn. Ẹ má gbàgbé pé ìjọba yìí kan náà ló fi Sapara sípò, Gómìnà Egerton sì ti tún un yàn. Tó bá dákẹ́, ta ni yóò bi í? Kò dákẹ́. Ó dìde, ó ní lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun wí yóò máa rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo àríwísí. Àwọn òyìnbó ìjọba ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà, òfin sì kọjá.

Sapara kú ní oṣù kẹta 1915, ó ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ní 1916, wọ́n fi òfin náà mú James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria.