Amy Johnson, Obìnrin Tí Ó Dá Fò Dé Australia

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ogun pa, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìbọn bà tàbí tí bọ́ǹbù já lù. Ṣùgbọ́n nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ òfurufú ni ó kú láì rí ojú ọ̀tá rárá. Kùrukùru ni ó pa àwọn mìíràn. Àwọn mìíràn forí sọ òkè tí wọn kò rí, epo tán mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́ lójú ọ̀run. Ọmọ Èkó kan wà nínú wọn, Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a fi jẹ oyè ọ̀gá nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1942, tí ó sì kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀. Obìnrin ni, Amy Johnson ni orúkọ rẹ̀.

A bí Amy ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ọdún 1903, ní Hull, ìlú èbúté kan ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣòwò ẹja ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọbìnrin mẹ́rin. Ó ka ìwé girama ní ìlú rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Yunifásítì Sheffield, níbi tí ó ti gba oyè B.A. Nígbà náà, ọmọbìnrin tí ń lọ sí yunifásítì kò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni bàbá yìí ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti wọ̀ ọ́ lára. Ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú kan ní pápá Stag Lane, ó ń fi owó oṣù rẹ̀ tí kò tó nǹkan san owó ẹ̀kọ́. Kò yára mọ iṣẹ́ náà. Ó pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí a tó gbà á láyè láti dá fò, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀ ní oṣù Keje ọdún 1929. Kò dúró síbẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó wọ àárín àwọn mẹkáníìkì, ó ń tú ẹ́ńjìnnì, ó ń tò ó padà, títí ó fi di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìwé àṣẹ àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe. Lójú tiwa, ìwé àṣẹ kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun gbogbo tí ó gbà láyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè fò nígbà tí ohun gbogbo bá dára. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ó mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Ó sọ pé òun yóò dá fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Australia. Ọ̀nà tí ó jìn jù tí ó ti fò rí kò ju láti Lọ́ńdọ̀nù sí Hull lọ. Bàbá rẹ̀ àti Lord Wakefield, olówó tí ń ta epo ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti ra Gipsy Moth kan, àlòkù, ní £600. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Jason, orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń lò gẹ́gẹ́ bí àmì fún òwò ẹja rẹ̀. Orí ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀ sí òjò àti oòrùn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, ọdún 1930, ó gbéra ní Croydon.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní Burma yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa gbọ́. Òjò ńlá ká a mọ́ ojú ọ̀run nítòsí Rangoon, kò rí ibi tí ó ń lọ mọ́, ó sì bà sí pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Insein. Pápá náà kúrú jù, ọkọ̀ náà sì lọ forí sọ kòtò. Apá rẹ̀ kan fàya, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ sì bàjẹ́. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tú jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aṣọ líle ni a fi ń bo apá ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, níbo ni a ó ti rí irú rẹ̀ ní Insein? Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn kan ní ìlú náà ní ṣẹ́ẹ̀tì tí a fi aṣọ ọkọ̀ òfurufú tí ó ṣẹ́kù láti Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní rán. Wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀tì náà wá, wọ́n tú u, wọ́n sì fi bo apá Jason. Ọkọ̀ náà tún gbéra.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún, ó bà sí ìlú Darwin. Ó ti rin nǹkan bí máìlì 11,000 ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún ààbọ̀. Kò lè yára tó ọkùnrin tí ó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin mìíràn tí ó tíì dá a ṣe. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè CBE dá a lọ́lá, ìwé ìròyìn Daily Mail fún un ní £10,000, ó sì di ẹni tí ayé ń yọjú wò.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e kò gba kí a pẹ́ níbẹ̀. Ó fò dé Tokyo, ó fò dé Cape Town, ó fẹ́ Jim Mollison, awakọ̀ òfurufú bíi tirẹ̀, ní ọdún 1932, àwọn méjèèjì sì jọ fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 1933, tí ọkọ̀ wọn já lulẹ̀ ní ìlú Bridgeport ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì fara pa. Ìgbéyàwó náà tú ká ní ọdún 1938. Òkìkí kì í ṣe owó oúnjẹ; ó ń wá iṣẹ́ kiri.

Ìgbà tí ogun dé ni iṣẹ́ dé. A dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Air Transport Auxiliary. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ọkọ̀ òfurufú láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lọ sí pápá àwọn ọmọ ogun. Àwọn tí ó ti dàgbà jù fún ojú ogun wà níbẹ̀, àwọn tí ó ní ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1940, a gba obìnrin mẹ́jọ kún wọn lábẹ́ Pauline Gower. Amy wọlé ní ọdún yẹn kan náà. Owó oṣù àwọn obìnrin kéré sí ti ọkùnrin fún iṣẹ́ kan náà títí di ọdún 1943, ọ̀ràn tí kò bá wa lára mu rárá. Wọn kò ní ìbọn nínú ọkọ̀, wọn kò sì ní rédíò tí wọn yóò fi béèrè ọ̀nà. Àṣẹ tí a pa fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe kúrò lábẹ́ ìkúukùu, kí wọ́n máa wo odò àti ojú irin rélùwéè nílẹ̀. Ó lé ní 150 nínú wọn tí ó kú kí ogun tó parí.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1941, wọ́n ní kí Amy gbé ọkọ̀ Airspeed Oxford kan láti Prestwick ní Scotland lọ sí Kidlington, nítòsí Oxford. Ó sùn ní Blackpool lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, ojú ọ̀run ṣú, otútù mú, kùrukùru sì bo ilẹ̀. Kò ju bíi wákàtí kan lọ láti ibẹ̀ dé Kidlington. Ó gbéra kí ó tó di ọ̀sán.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àwọn atukọ̀ tí ń kọjá lẹ́nu odò Thames, ní ìwájú ìlú Herne Bay, rí páráṣúùtì kan tí ń bọ̀ láti inú ìkúukùu. Ibẹ̀ jìnnà sí Kidlington ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ. Ohun tí ó bá ọgbọ́n mu jù ni pé ó wà lókè ìkúukùu ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, tí ó ń wá ihò tí yóò gbà sọ̀ kalẹ̀, títí epo fi tán. Ọkọ̀ ojú omi ológun Haslemere sá lọ bá a. Wọ́n ju okùn sí i, otútù omi náà kò jẹ́ kí ó lè di í mú, ìgbì sì gbé e lọ sábẹ́ ìdí ọkọ̀. Walter Fletcher, ọ̀gá ọkọ̀ náà, bẹ́ sínú omi yìnyín yẹn láti gbà á. Nígbà tí wọ́n fi fa Fletcher jáde, kò mọ ibi tí ó wà mọ́, ó sì kú.

Wọ́n rí àpò Amy lójú omi. Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí di òní. Nítorí èyí ni àròsọ fi pọ̀: àwọn kan ní ó gbé èrò àṣírí kan, ọmọ ogun àtijọ́ kan sì sọ ní ọdún 1999 pé ìbọn àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni ó já a lulẹ̀. Àwa kò rí ìdí tí a ó fi fi ìtàn wọ̀nyí rọ́pò ojú ọjọ́, nítorí ojú ọjọ́ nìkan ti tó láti pa á.

A fi àmì ẹ̀yẹ Albert Medal dá Fletcher lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Jason wà ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ Amy sì wà lára ògiri ìrántí ní Runnymede, láàárín orúkọ àwọn tí ó lé ní 20,000 tí wọ́n bá ogun òfurufú lọ tí wọn kò ní ibojì.