Paul Broca: Dókítà Tó Wá Ibùjókòó Ọ̀rọ̀ Rí Nínú Ọpọlọ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó níwájú àfáà láti kọ́ bí a ṣe ń ka Alùkùráánì ló mọ̀ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń jáde. Òmíràn ń ti ọ̀fun wá, òmíràn ń ti ahọ́n wá, òmíràn sì ń ti ètè wá. Ibn Sina, oníṣègùn ńlá tó kú ní ọdún 1037, kọ ìwé kékeré kan lórí bí lẹ́tà ṣe ń jáde lẹ́nu, ó sì ṣàlàyé gògóńgò àti ahọ́n nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù: níbo gan-an nínú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá, tí ahọ́n, ètè àti gògóńgò fi ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń jáde? Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí wà lára àwọn tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Paul Broca ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 1824 ni wọ́n bí i ní ìlú Sainte-Foy-la-Grande, ní ilẹ̀ Faransé. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ó lọ sí Paris láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1849. Iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sinmi nídìí ìwádìí. Ní ọdún 1859, ó kó àwọn onímọ̀ kan jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Paris fún ìmọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni àríyànjiyàn ńlá ti wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1861. Àwọn kan ní odindi ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pé kò sí apá kan tó dá iṣẹ́ tirẹ̀ ní. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé èrò Jean-Baptiste Bouillaud, ẹni tó ti ń sọ láti ọdún 1825 pé iwájú ọpọlọ ni agbára ọ̀rọ̀ sísọ wà. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí tó lè parí ìjà.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n gbé aláìsàn kan wá sọ́dọ̀ Broca ní ilé ìwòsàn Bicêtre. Leborgne ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 51 ni. Láti kékeré ni wárápá ti ń ṣe é, nígbà tó sì tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, tan, tan, ni èsì rẹ̀, títí gbogbo ará ilé ìwòsàn fi ń pè é ní Tan. Nígbà tó yá, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ẹsẹ̀ yìí ló jẹrà tí wọ́n fi gbé e lọ bá oníṣẹ́ abẹ.

Broca kò wo ẹsẹ̀ nìkan. Ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó bi í pé ọdún mélòó ló ti lò ní Bicêtre. Leborgne na ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ márààrún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá na ìka kan ṣoṣo lé e. Ọdún 21 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Wọ́n fi aago hàn án, ó fi ìka sọ iye tó lù. Ó ń gbọ́ràn, òye rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde, ahọ́n rẹ̀ sì ń yí síbi tó bá fẹ́. Síbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó hàn sí Broca pé ahọ́n kọ́ ló kú; agbára tí ń to iṣẹ́ ahọ́n àti ètè di ọ̀rọ̀ ló sọnù.

Leborgne kú ní ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 1861. Nígbà tí Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí ihò kan tó lè gba ẹyin adìẹ, ní iwájú ọpọlọ lápá òsì, ní ọ̀kánkán ẹ̀bátí. Lọ́dún yẹn kan náà, ó rí bàbá arúgbó ẹni ọdún 84 kan, Lelong, tí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré kù lẹ́nu rẹ̀. Ibì kan náà ló bàjẹ́ nínú ọpọlọ tirẹ̀ náà. Nígbà tó fi di ọdún 1863, ó ti rí aláìsàn mẹ́jọ, apá òsì ni ti gbogbo wọn. Ní ọdún 1865, ó kéde pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi apá òsì ọpọlọ sọ̀rọ̀. Dókítà Marc Dax ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1836, ṣùgbọ́n ọdún 1865 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìmọ̀ ti lọ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. A mọ̀ lónìí pé ibi tí à ń fi orúkọ Broca pè yìí wà lára ibi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ọ̀rọ̀. Sí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ ni ibi tí ń pàṣẹ fún iṣan wà, ètè àti ahọ́n sì ní ìpín tó pọ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń gba fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín kọjá sí àgbọ̀n, ahọ́n, gògóńgò àti àwọn iṣan tí a fi ń mí. Broca kò gé ọpọlọ Leborgne, ó tọ́jú rẹ̀ ni. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara wò ó, wọ́n rí i pé ìbàjẹ́ náà jinlẹ̀ ju ohun tí ojú Broca rí lọ.

A kò gbọdọ̀ bo àṣìṣe rẹ̀. Broca a máa wọn agbárí ènìyàn, ó sì rò pé bí ọpọlọ bá ṣe tóbi tó ni ọgbọ́n ṣe ń pọ̀ tó. Èyí mú kó gbé àwọn aláwọ̀ funfun ga ju àwọn aláwọ̀ dúdú lọ, àti ọkùnrin ju obìnrin lọ. Irọ́ ni, ìmọ̀ òde òní sì ti kọ̀ ọ́. Ọlọ́gbọ́n lè ríran jìnnà lọ́nà kan, kó sì fọ́jú lọ́nà mìíràn.

Ní ọdún 1880, wọ́n yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Faransé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló kú, ní ọjọ́ 9, oṣù keje, ní ẹni ọdún 56.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọ lu bàbá tàbí ìyá wa tí ọ̀rọ̀ kò bá jáde mọ́, àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n a ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pín ogún lójú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Lóòótọ́, bí àrùn náà bá ba ibòmíràn jẹ́ nínú ọpọlọ, òye ọ̀rọ̀ lè dínkù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ẹjọ́ kí ẹ tó wádìí. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó lè fi orí tàbí ọwọ́ dáhùn. Ẹ fún un láyè, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Broca fúnra rẹ̀ gbà pé a lè fi sùúrù tún ọ̀rọ̀ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ìyá ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọdún 21 ni Leborgne fi ń sọ pé tan. Ẹni tó jókòó tì í ló mọ̀ pé òye rẹ̀ kò tíì tán. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa, kó sì fún wa ní sùúrù fún àwọn tó pàdánù tiwọn.