Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, Oníṣẹ́-abẹ Ọpọlọ (1927–1974)

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbé orúkọ ìlú wọn ga nínú ìmọ̀ ìṣègùn, kò yẹ kí a ka ènìyàn mẹ́ta kí a má tíì dárúkọ Emmanuel Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn ní àkọ́yanjú. Àwẹ́ kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan yóò dé èkejì kí oòrùn tó mú. Nítorí náà ohun ìyangàn gbogbo wa ni ọkùnrin yìí, láti Àwẹ́ dé Ọ̀yọ́, àti láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ kò mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Nítorí tiwọn ni a ṣe kọ ìtàn yìí.

Ní ọdún 1927 ni a bí Látúndé Ọdẹ́kù. Ó ka ìwé ní Èkó, ní Methodist Boys' High School, ibẹ̀ ni ó sì ti hàn pé orí ọmọ náà pé. Lẹ́yìn èyí ó ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ó wọ Yunifásítì Howard ní ìlú Washington, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1867 fún ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Ní 1950 ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko, ó sì yege pẹ̀lú ọlá tí ó ga jù. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ti kọ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà ní 1954.

Kí olùkàwé má ṣe rò pé ọ̀nà tẹ́jú fún un. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ni kì í gba oníṣègùn dúdú láàyè láti fi ọwọ́ kan aláìsàn wọn. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tilẹ̀ ṣòro fún aláwọ̀ funfun pàápàá, nítorí ọdún pípẹ́ ni a fi ń kọ́ ọ. Ọdẹ́kù kò wo ẹ̀yìn. Ó lọ sí Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Edgar Kahn ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di 1961, ó yege nínú ìdánwò àwọn oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní Howard. Bí ó bá fẹ́ jókòó sí ibẹ̀, iṣẹ́ wà, owó wà, iyì sì wà. Ṣùgbọ́n ní 1962 ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì padà wá sí ilé.

Ìbàdàn ni ó wá. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Yù-Sí-Ẹ́ẹ̀sì, kò ju ọdún márùn-ún lọ nígbà náà, nítorí 1957 ni a ṣí i. Ọpọlọ ni kò sí ẹni tí ó fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí orí jẹ́ ní ojú Yorùbá. Orí ni a ń bọ, orí ni a ń bẹ̀, òun náà ni a gbà pé ó mú kádàrá ẹni wá sí ayé. Kí ẹnìkan wá sọ pé òun yóò fi abẹ la agbárí ènìyàn, kí ẹni náà sì tún jí, ohun tí ó kọjá òye ọ̀pọ̀ ni. Àtàrí àjànàkú ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Ṣùgbọ́n àìsàn ti wà nílẹ̀ kí oníṣègùn tó dé. Ẹ wo ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tí àwọn òbí rẹ̀ rò pé yóò tán fúnra rẹ̀. Ọyún yìí lè jẹ eegun etí já wọ inú agbárí. Nígbà tí kòkòrò bá wọ ara, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ a sáré lọ bá a jà. Ibẹ̀ a gbóná, a wú, a sì kó ọyún jọ. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, àyè wà fún un láti wú. Eegun ni ó yí ọpọlọ ká. Bí ibẹ̀ bá wú, ọpọlọ ni a ń fún pa. Ogun tí ara ń jà láti gba ara rẹ̀ là a wá di ohun tí ń pa á. Bákan náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ó lè bọ́ sínú eegun ẹ̀yìn, tí ènìyàn a sì rọ láti ìbàdí lọ sí ìsàlẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ pé ayé ni ó ṣe wọ́n. Oníṣẹ́-abẹ tí ó bá tètè tú ọyún náà dànù, tí a sì fún aláìsàn ní oògùn tí ó yẹ, lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́kù kò fi mọ sí ìwòsàn nìkan. Ó ń ṣe ìwádìí, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1971, òun àti Dókítà Adélọlá Adélóyè kọ̀wé nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà méjìdínlógún tí wíwú rọ̀bọ̀tọ̀ wà lórí àwùjẹ̀ wọn, èyíinì ni ibi rírọ̀ tí ń lù kìkì ní àtàrí ọmọ ọwọ́. A lè ṣèèṣì rò pé ọpọlọ ni ó yọ síta. Wọ́n fi hàn pé àpò omi lásán ni, tí a lè gé kúrò láìfi ọwọ́ kan ọpọlọ. Títí di òní ni àwọn oníṣègùn ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àìsàn náà. Àwọn tí ọta ìbọn bà ní orí nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 náà jẹ ànfàní ìmọ̀ wọn. Ní Ìbàdàn kan náà ni Káyọ̀dé Òṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ti ń wádìí àrùn iṣan ara, pàápàá èyí tí ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri lára àwọn tí oúnjẹ wọn kò ju ẹ̀gẹ́ lọ.

Ohun tí ó dunni ni pé ẹni tí ń wo ẹlòmíràn sàn, àtọ̀gbẹ ń bá a jà nínú ara tirẹ̀. Kò tìtorí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ń kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ Twilight Out of the Night jáde ní 1964, Whispers from the Night sì tẹ̀lé e ní 1969. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ògún, ìyẹn oṣù kẹjọ ọdún 1974, ó dákẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta péré ni. Ọdún méjìlá ni ó fi sin ilẹ̀ rẹ̀.

Ọdún méjìlá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi í ṣe kò bá a wọ ilẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ kọ́ ẹlòmíràn, àwọn wọ̀nyí náà sì ń kọ́ni. Ilé ìkàwé ìṣègùn ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní olónìí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú etí tí ń ṣọyún tàbí ẹ̀yìn tí ń dun ọmọ; ẹ tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Ìbàdàn kò jìnnà, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni sì ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ẹ kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkèèrè, a kò sọ pé kí gbogbo yín kó ẹrù lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí ọmọ Àwẹ́ yìí padà, kò sí ẹni tí ó ti la ọ̀nà sílẹ̀ dè é. Òun ni ó la ọ̀nà náà. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ fi ìmọ̀ ránṣẹ́ sílé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú wọn wọ́n láàárín wa. Àmín.