Dókítà Africanus Horton: Oníṣègùn Tí Ó Wádìí Òjò, Àpáta àti Ìjọba

Ní abúlé Gloucester, lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú Freetown ní Sàró, ni a bí James Beale Horton sí ní ọdún 1835. Ìran Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì fi Sàró ṣe ilé, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Aku níbẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe.

Ibà ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Láyé ìgbà náà, àwọn ọmọ ogun òyìnbó tí wọ́n ń wá sí etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kì í pẹ́ kú, àwọn dókítà tí ń tọ́jú wọn náà sì ń kú. Nígbà tí ọ̀ràn náà sú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pinnu láti fi ọmọ Áfíríkà kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ní 1855, a yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́nù: Samuel Campbell, William Broughton Davies tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti Horton tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún. Àìsàn dá Campbell padà, ó sì kú. Àwọn méjì yòókù forí tì í. Ní 1859, Horton gba oyè dókítà ní Yunifásítì Edinburgh, ó sì fi Africanus kún orúkọ rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ó bá rí ìwé rẹ̀ lè mọ̀ pé ọmọ adúláwọ̀ ni ó kọ ọ́.

Iṣẹ́ dókítà ọmọ ogun ni ó padà wá ṣe, ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún kiri láti ibùdó kan sí èkejì, pàápàá ní Gold Coast tí í ṣe Gánà òde òní. Ẹni tí ó bá wo àkọlé àwọn ìwé tí ó kọ láàárín ọdún wọ̀nyí lè rò pé kò mọ ohun tí ó ń wá. Ó kọ̀wé lórí ojú ọjọ́ àti òjò ní 1867, ó kọ ti sòbìà ní 1868, ó kọ ti àrùn ilẹ̀ olóoru ní 1874. Ó sì tún kọ̀wé lórí ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ó ń fa èkejì. Ọ̀pọ̀ jù lọ dókítà ayé ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń ru láti inú irà ni ó ń fa ibà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibà gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí ìlú wà lórí rẹ̀, irú àpáta tí ó wà nísàlẹ̀, bí òjò ti ń pọ̀ tó, àti ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Horton ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé èrò náà kì í ṣe òtítọ́, nítorí ní 1897 ni Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Síbẹ̀, Horton ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n la ojú àgbàrá, kí wọ́n sì gbẹ́ irà. Níbi tí omi kò bá dúró sí, ẹ̀fọn kò ríbi yé sí.

Ní 1863, James Hunt, olórí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn kan ní Lọ́ńdọ́nù, sọ fún aráyé pé egungun agbárí ọmọ adúláwọ̀ tètè ń so pọ̀, pé nígbà tí ó bá bàlágà, ọpọlọ rẹ̀ kò lè dàgbà mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán, nítorí bí ó bá jẹ́ òtítọ́, kí ni ìwúlò ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ Áfíríkà, ta ni yóò sì fi ìjọba lé e lọ́wọ́? Nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1868 lórí àwọn ilẹ̀ àti ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Horton fi ìmọ̀ oníṣẹ́ abẹ dá a lóhùn, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní àwọn tí ó kéré jù lọ láàárín adúláwọ̀ ni irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ń ṣà jọ, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ gbogbo ìran.

Ní 1865, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa múra àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sílẹ̀ láti ṣàkóso ara wọn. Horton di ọ̀rọ̀ náà mú. Ó to ètò ìjọba tí ó yẹ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Fanti, Àkárà, Èkó àti ilẹ̀ àwọn Aku, títí dé ilẹ̀ Ìgbò tí bàbá rẹ̀ ti wá. Nígbà tí àwọn ọba Fanti parapọ̀ ní Mankessim ní 1868, ó wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ní 1871, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn olórí ìparapọ̀ náà sí àtìmọ́lé, ọ̀ràn náà sì fọ́.

Kò rọrùn fún un nínú iṣẹ́ pàápàá. Àwọn dókítà òyìnbó kan kò fẹ́ bá adúláwọ̀ ṣiṣẹ́, ìjọba sì dá ètò tí ó gbé òun àti Davies dé Lọ́ńdọ́nù dúró. Horton bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Sàró, kí Fourah Bay sì di yunifásítì. Wọn kò dá ilé ìṣègùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1876 Fourah Bay so mọ́ Yunifásítì Durham, àwọn ọmọ Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oyè níbẹ̀.

Ìmọ̀ àpáta tí ó tìtorí ibà kọ́ kò ṣòfò. Ó mọ ibi tí wúrà wà ní ilẹ̀ Wassa, ó sì gba ẹ̀tọ́ àtiwa á. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1880, ó ti di olówó. Ó ti rí i pé oníṣòwò adúláwọ̀ kò ríbi yá owó, nítorí náà ó dá báǹkì kan sílẹ̀ ní Freetown ní ìbẹ̀rẹ̀ 1883. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an ni ó kú, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Báǹkì náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1894 ni àwọn oníṣòwò òyìnbó tó dá báǹkì tí ó di First Bank sílẹ̀. Horton fi púpọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí yóò máa kọ́ ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́, wọn kò sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà.