Hugh Dowding: Ọ̀gágun òfurufú tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀

Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 1940, ọ̀gá àgbà àwọn bàálù ajàgun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hugh Dowding, kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ológun òfurufú nílùú London. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ya wọ ilẹ̀ Faransé nígbà yẹn, Faransé sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi bàálù sí i ránṣẹ́. Olórí ìjọba, Winston Churchill, fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ Dowding kọ̀ jálẹ̀. Ó rán àwọn aláṣẹ létí pé àwọn fúnra wọn ló sọ pé ikọ̀ bàálù 52 ló tó dáàbò bo ìlú, bẹ́ẹ̀ 36 péré ló kù. Tí wọ́n bá tún ń kó èyí tó kù lọ, bí Faransé bá ṣubú, Gẹ̀ẹ́sì náà á ṣubú tẹ̀ lé e.

Ta ni ọkùnrin tó láyà láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, ọdún 1882 ni wọ́n bí Dowding ní ìlú Moffat, ní Scotland, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń darí ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Woolwich, ó sì di ọmọ ogun tó ń yin àgbá lọ́dún 1900. Wọ́n gbé e lọ sí Gibraltar, Ceylon tó di Sri Lanka lónìí, Hong Kong àti Íńdíà. Lọ́dún 1913 ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ojú òfurufú ló ti jà á.

Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1916, nígbà ogun Somme, ó rí i pé àwọn ọmọ tó ń wa bàálù ti rẹ̀, wọ́n sì ń kú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kan lára wọn lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ ọ̀gá rẹ̀, Hugh Trenchard, nínú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá Dowding padà sílé, kò sì darí ìjà kankan ní Faransé mọ́ títí ogun fi parí.

Ilé rẹ̀ náà kò fara rọ. Ó gbé Clarice níyàwó lọ́dún 1918, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Derek, àmọ́ ìyàwó náà kú lọ́dún 1920. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Hilda, ló wá ń bá a tọ́jú ilé. Dowding kì í bá èèyàn ṣàwàdà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Stuffy, ìyẹn ẹni tí kì í tújú ká.

Àmọ́ ó mọ iṣẹ́. Láti ọdún 1930 ló ti ń bójú tó ìwádìí àti ohun èlò fún àwọn ológun òfurufú. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni pé kò sí ohun tó lè dá bàálù tó ń ju bọ́ǹbù dúró. Dowding kò gbà. Lóṣù Kejì ọdún 1935, Robert Watson-Watt fi hàn nítòsí Daventry pé ìgbì rédíò lè tú àṣírí bàálù tó ń bọ̀ lókèèrè. Dowding ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nígbà tó di ọ̀gá àgbà àwọn bàálù ajàgun lóṣù Keje ọdún 1936, ó so gbogbo nǹkan pọ̀. Rádà ń wo ojú òkun, àwọn aṣọ́nà ń fi ojú àti etí ṣọ́ òfurufú lórí ilẹ̀, wọ́n sì ń fi tẹlifóònù sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn tó wà ní Bentley Priory, lẹ́bàá London. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn awakọ̀ bàálù ti gbọ́ ibi tí wọ́n máa lọ. Òun náà ló takú pé kí wọ́n fi gíláàsì tí ọta ìbọn kò lè wọ̀ síwájú àwọn awakọ̀.

Ìjà náà dé lóṣù Keje ọdún 1940. Nǹkan bí 3,000 awakọ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń fò ló jà fún Gẹ̀ẹ́sì, 544 lára wọn ló kú kí oṣù Kẹwàá tó parí. Derek, ọmọ Dowding, wà lára àwọn tó jà. Lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, Jámánì pàdánù bàálù púpọ̀ lójú ọ̀run, nígbà tó sì di ọjọ́ 17 oṣù náà, Hitler sún ètò láti wọ Gẹ̀ẹ́sì síwájú.

Síbẹ̀, Dowding ní àléébù tirẹ̀. Méjì lára àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀, Keith Park àti Trafford Leigh-Mallory, ń bá ara wọn jà. Park fẹ́ kí bàálù díẹ̀ tètè gbéra, Leigh-Mallory fẹ́ kí púpọ̀ kóra jọ kí wọ́n tó kọ lu ọ̀tá. Dowding kò parí ìjà náà. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ǹbù ń pa aráàlú lóru, kò sì tíì sí ohun èlò tó dáa láti fi dá a dúró. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1940 ni wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Sholto Douglas. Ìwé tí ìjọba tẹ̀ jáde nípa ìjà náà lọ́dún 1941 kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, inú Churchill kò sì dùn sí i.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1942, wọ́n sì fi oyè Lord dá a lọ́lá lọ́dún 1943, àmọ́ wọn kò gbé e dé ipò tó ga jù nínú iṣẹ́ ológun òfurufú. Ó ń kọ̀wé pé àwọn ọmọ tó kú lójú ogun ṣì ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1951 ló fẹ́ Muriel Whiting, opó ọmọ ogun òfurufú kan. Ó jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ, ó sì ń gbèjà àwọn ẹranko nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1970 ló kú, lẹ́ni ọdún 87. Wọ́n sin eérú rẹ̀ sí Westminster Abbey. Lọ́dún 1988 ni ère rẹ̀ tó dìde níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Clement Danes ní London. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí Dowding ṣe nìyẹn, lọ́dún 1916 àti lọ́dún 1940, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ná an ní ipò rẹ̀.