Cecil Kimber

Cecil Kimber (12 Oṣù Kẹrin ọdún 1888 – 4 Oṣù Kejì ọdún 1945) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùṣètò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti alákòóso ilé-iṣẹ́, tí a mọ̀ sí olùdásílẹ̀ MG, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ó lókìkí jù lọ láàrin àwọn ọkọ̀ asáré oníjòkòó méjì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun wà lára àwọn tí ó mú kí ọkọ̀ asáré, tí ó ti jẹ́ ohun ìṣeré àwọn ọlọ́rọ̀, di ohun tí ọ̀dọ́ olówó oṣù lè fi owó jọ rà. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò fi ìgbà kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ni ín, ọjọ́ sì dé tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Kimber. Bàbá rẹ̀, Henry Kimber, wà nídìí òwò yíǹkì ìtẹ̀wé. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, ìdílé wọn kó lọ sí agbègbè Manchester, ó sì kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti Stockport kí ó tó wọ inú òwò bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara alùpùpù ni ọkàn rẹ̀ wà. Lórí alùpùpù tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ sí i, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì fọ́. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ, Kimber sì ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nínú owó gbà-má-bínú tí wọ́n san fún un ni ó ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, Singer kékeré kan, ní ọdún 1913.

Láti ọdún 1914 lọ, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ òfuurufú tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀: Sheffield-Simplex, AC, Martinsyde, àti Wrigley ní Birmingham. Ó gbé Irene Hunt níyàwó ní ọdún 1915. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí.

Ní Oxford

Ní ọdún 1921, Kimber gba iṣẹ́ alámòójútó ọjà títà ní Morris Garages ní ìlú Oxford. Ẹni tí ó ni ibẹ̀ ni William Morris, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ títúnṣe kí ó tó di ọ̀gá láàrin àwọn aṣe-ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì padà fi jẹ oyè Lord Nuffield. Orúkọ Morris kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa, nítorí ọkọ̀ Morris Minor wà káàkiri ojú títì Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Morris Garages kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀; ibi tí wọ́n ti ń tà á, tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe ni. Ní ọdún 1922, àyè ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ṣófo, Kimber sì bọ́ sí i.

Kò pẹ́ rárá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ju ohun tí wọ́n gbà á fún lọ. Yóò mú ṣásí Morris, ìyẹn egungun irin tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, yóò yí ibi kan padà lára rẹ̀, yóò sì ní kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ara mìíràn lé e lórí, ara tí ó fúyẹ́, tí ó sì dùn ún wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí èyí tí àwọn káfíńtà wa ṣe sára bọ́lẹ̀kájà tí ó ń kó kòkó láti Òdòdé ní Ìdànrè láyé ìjọ́sí. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni ṣásí àti ẹ́ńjìnì ti wá, ṣùgbọ́n igi tí a fi kan ara ọkọ̀, ọ̀dà tí a fi kùn ún àti orúkọ tí a kọ sí iwájú rẹ̀, nílé ni a ti ṣe é. Orúkọ tí Kimber fi sára ọkọ̀ tirẹ̀ ni MG, lẹ́tà tí ó ṣáájú Morris àti Garages, tí a fi ilà onígun mẹ́jọ yí ká. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni èyí tí wọ́n tò fún un ní ọdún 1925, kí ó lè fi wọ ìdíje ọlọ́nà jíjìn kan tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù lọ dé Land's End, ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ń borí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọkọ̀ lè gun àwọn òkè olókùúta lójú ọ̀nà láìdúró, kí ó sì dé ní àkókò tí wọ́n dá fún un. Kimber fúnra rẹ̀ ni ó wà á ní àkókò Àjíǹde ọdún náà, ó sì gba mẹ́dàlì wúrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ta ọkọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní £300, kò sì wẹ̀yìn.

Ní ọdún 1932, nígbà tí orúkọ MG ti di ńlá, wọ́n rí ọkọ̀ yìí ní agbègbè Manchester, níbi tí ó ti di àlòpatì. Ilé-iṣẹ́ náà rà á padà ní £15, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Old Number One. Orúkọ náà ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí Morris Garages ti ta ọkọ̀ MG fún àwọn oníbàárà ṣáájú ìgbà tí wọ́n tò ó. Bí ó ti wù kí ó rí, ó wà ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé ọkọ̀ ní Gaydon títí di òní.

Midget àti àwọn ìdíje

Ọdún 1928 ni ayé MG yí padà. Morris ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ó pè ní Minor (kì í ṣe èyí tí ó padà gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà, èyí ṣáájú rẹ̀ ní ogún ọdún). Kimber gba ṣásí àti ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ líle ṣe ara oníjòkòó méjì fún un, ó sì pè é ní Midget. £175 ni iye rẹ̀. Ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ ni wọ́n ṣe nínú rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà kò rí irú rẹ̀ rí. Àyè kò gbà wọ́n mọ́ ní Oxford. Ní ọdún 1929 wọ́n kó lọ sí ìlú Abingdon, sínú ilé ńlá kan tí ó jẹ́ ti àwọn onísẹ́ awọ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1930, àwọn tí ó ti ra ọkọ̀ náà dá ẹgbẹ́ MG Car Club sílẹ̀.

Ìdíje ni Kimber fi ń polówó ọjà rẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 1931, George Eyston wa ọkọ̀ MG kan ní Montlhéry nítòsí Paris ní eré tí ó lé ní 100 máìlì ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà kò ju 750 cc lọ, ìyẹn ni pé kò tó ìdajì ti Toyota Corolla tí a ń rí lójú títì lónìí, kò sì sí ọkọ̀ oní-irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ tí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1933, ọkọ̀ K3 mẹ́ta lọ sí ìdíje Mille Miglia ní Ítálì, tí ó gùn tó ẹgbẹ̀rún máìlì láti Brescia lọ sí Róòmù àti padà. Ọ̀kan dákú lójú ọ̀nà. Àwọn méjì yòókù ṣe ipò kìíní àti ìkejì ní ìpele wọn, ẹgbẹ́ wọn sì gba ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ kankan láti òde Ítálì kò gbà rí. Ní ọdún kan náà, Tazio Nuvolari, ọmọ Ítálì tí ọ̀pọ̀ kà sí awakọ̀ tí ó dára jù láyé nígbà náà, fi K3 borí nínú ìdíje Tourist Trophy ní àríwá Áyálándì.

Ọdún 1935

Títí di àkókò yìí, ohun ìní William Morris fúnra rẹ̀ ni MG. Ní ọdún 1935, ó tà á fún Morris Motors, ilé-iṣẹ́ ńlá tí òun náà jẹ́ alága rẹ̀. Leonard Lord, alákòóso tí kò fẹ́ràn ìnáwó tí kò mú èrè wá, ti ẹ̀ka ìdíje ní Abingdon pa, ó sì kó iṣẹ́ ìyàwòrán ọkọ̀ lọ sí Cowley. Kimber wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. MG tí ó jáde ní ọdún 1936, TA, gba ẹ́ńjìnì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara lọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ Morris àti Wolseley lásán. Àwọn oníbàárà àtijọ́ kùn sí i. Òótọ́ sì ni pé kò ní ìgbóná ara bíi ti àwọn ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ó tóbi jù wọ́n lọ, ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì tà. Ìdílé ọkọ̀ yìí ni ó gbé orúkọ MG kọjá òkun lẹ́yìn náà.

Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1938 lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó sì fẹ́ òmíràn ní ọdún kan náà. Ní òpin Oṣù Karùn-ún ọdún 1939, Goldie Gardner sá eré tí ó lé ní 200 máìlì ní wákàtí kan nínú ọkọ̀ MG ẹlẹ́ńjìnì 1100 cc ní ojú títì Dessau ní Jámánì. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ogun, ìyọkúrò àti ikú

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ títà dúró. Kimber wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba àdéhùn láti ṣe apá iwájú ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́m̀bù Albemarle. Iṣẹ́ náà ṣòro, wọ́n sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ní Cowley kí ó tó gbà á. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1941, Miles Thomas, igbákejì Nuffield, ní kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti lo ogún ọdún lọ́dọ̀ wọn. Bí ènìyàn bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àdéhùn ọkọ̀ òfuurufú kàn jẹ́ àwáwí: ọkùnrin tí ó ti mọ́ lára láti dá ìpinnu ṣe kò lè bá ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ìwé ń gba ọwọ́ ẹni mẹ́fà kọjá gbé pẹ́. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní Charlesworth, lẹ́yìn náà ní ilé-iṣẹ́ Specialloid, tí wọ́n ti ń ṣe písítínnì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kejì ọdún 1945, Kimber wọ ọkọ̀ ojú irin agogo mẹ́fà tí ó ń lọ sí Leeds, ní ibùdókọ̀ King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú irin tí ó jáde níbẹ̀ wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gun òkè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ apá kan irin náà ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Nínú òkùnkùn àti èéfín, awakọ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni òun ń lọ. Ẹni tí ó ń darí ojú irin sáré yí i padà kí ọkọ̀ náà má baà kọ lu òmíràn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ́ọ̀ṣì tí ó kẹ́yìn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó dojú dé, ó sì fi orí gbá òpó àmì. Ènìyàn méjì ni ó kú, Kimber sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.

Àwọn ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀

Ọdún náà kò tíì parí tí Abingdon fi tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀. TC tí wọ́n gbé jáde kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí Kimber fi sílẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1949. Àwọn ará Amẹ́ríkà rà á bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni sítíárì rẹ̀ wà. MGA tẹ̀lé wọn ní 1955, MGB ní 1962, èyí tí iye rẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù kí wọ́n tó ti Abingdon pa ní ọdún 1980.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń rìn, nítorí àwọn tí ó ni wọ́n kò jẹ́ kí wọ́n kú. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Lábẹ́ páànù TC, igi ash ni egungun ara rẹ̀. Bí omi bá ti wọ igi náà, yóò jẹrà, ilẹ̀kùn yóò sì wọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì kankan níta. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ tú páànù kúrò pátápátá, kí ó sì gbẹ́ igi tuntun sí i. Bóòtì ẹ́ńjìnì rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ará Faransé kan, Hotchkiss, ni Morris rà láti máa ṣe ẹ́ńjìnì ní ọdún 1923, ẹ̀rọ tí ó bá níbẹ̀ sì ń gé bóòtì ní ìwọ̀n mílímítà. Wọn kò pààrọ̀ ẹ̀rọ náà, wọ́n kàn ṣe orí bóòtì ní ìwọ̀n tí yóò bá sípánà Gẹ̀ẹ́sì mu. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ ìtàn yìí yóò ti ba bóòtì púpọ̀ jẹ́ kí ó tó mọ ohun tí ó dé.

Ti MGB rọrùn díẹ̀. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀, ara rẹ̀ sì ni egungun rẹ̀, nítorí kò ní ṣásí ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi tẹ páànù rẹ̀ nígbà kan tẹ òdindi ara tuntun fún un. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹ tán yóò ra èyí, yóò sì tú ẹ́ńjìnì, jíà, ìjókòó àti iná láti ara ti àtijọ́ sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.