MARY SLESSOR, ALÁBÒ ÀWỌN ÌYÁ ÌBEJÌ NÍ ILẸ̀ KÀLÀBÁ

Nínú àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ó tọ́ kí a rántí àwọn baba wa tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìjọ wa lélẹ̀. Ó sì tọ́ pẹ̀lú kí a rántí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n tí Ọlọ́run lò fún ire àwọn ìyá ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Mary Slessor.

A bí i ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1848, ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Baba rẹ̀ a máa rán bàtà, ṣùgbọ́n ọtí borí rẹ̀, ilé wọn sì di ilé àìní. Nígbà tí Mary di ọmọ ọdún 11, ó wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Dundee. Ó ń fi ìlàjì ọjọ́ ṣiṣẹ́, ó sì ń fi ìlàjì kàwé. Ní ọdún 1876 ni Ìjọ Presbyterian rán an wá sí Kàlàbá.

Ìbejì, tí àwa Yorùbá ń fi ijó àti ayọ̀ gbà, ohun ẹ̀rù ni lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí búburú ni baba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Nítorí èyí wọn a pa wọ́n, tàbí kí wọ́n kó wọn sínú ìkòkò, kí wọ́n sì gbé wọn sọ sínú igbó. Ìyá wọn, tí ara rẹ̀ kò tíì san láti orí ìkúnlẹ̀, ni wọn yóò lé jáde kúrò nílé, bí ẹni pé ó dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó kú nínú igbó.

Ní ọdún 1888, Slessor lọ sí Okoyong, ó sì wọ̀ sí àgbàlá àwọn obìnrin nínú agboolé Edem, olóyè Ekenge. Ó ń sọ èdè Ẹ́fíìkì bí ọmọ ilẹ̀ náà, ó ń jẹ oúnjẹ wọn, ó sì ń rìn láìwọ bàtà. Ma Eme, arábìnrin Edem, di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń gbèrò ibi ní ìlú, Ma Eme a rán ìgò sí i bí ẹni tí ń tọrọ oògùn. Àmì ni ìgò náà jẹ́ láàrin wọn, pé kí ó máa ṣọ́nà. Obìnrin yìí kò fi ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni a rí gbà là nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ẹrúbìnrin kan tí a ń pè ní Iye bí ìbejì. Slessor jáde lọ pàdé rẹ̀, ó sì gbé àpótí tí àwọn ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí àwọn bá gba ojú ọ̀nà ìlú kọjá, àwọn ará ìlú kò ní lè tọ̀ ọ́ mọ́. Kò bá wọn jà nítorí èyí, kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó dúró pẹ̀lú ìyá ìkókó náà nínú oòrùn, títí a fi la ọ̀nà titun dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Èyí ọkùnrin kú. Èyí obìnrin, tí a sọ ní Susie, yè ju ọdún kan lọ, kí omi gbígbóná tó pa á lára, tí ó sì kú. Ìbànújẹ́ ńlá ni ó jẹ́ fún Slessor, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun gbígba àwọn mìíràn sọ́dọ̀.

Ní ọdún 1892, Ìjọba fi í ṣe aṣojú àti onídàájọ́ ní Okoyong. A sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìwòsàn Ìjọ ní Itu. Ó sùn nínú Olúwa ní Use ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1915. Kàlàbá ni a sin ín sí.

Ẹ̀yin ìyá nínú ìjọ, àti ẹ̀yin tí ń gbẹ̀bí, ẹ kíyè sí i. Kò jọ̀wọ́ ẹ̀mí ìyá àti ọmọ fún àṣà, bẹ́ẹ̀ ni kò kẹ́gàn àwọn tí ó bá nínú àṣà náà. Níbi tí ọ̀nà àtijọ́ ti dí, ó ní sùúrù títí a fi la òmíràn. Kí Olúwa fún àwa náà ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àmín.